Ojú Fèrèsé Ni Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Wò

Bí mo bá wọ ilé ẹni tí ó pè mí láti wá ya fọ́tò, lẹ́yìn tí mo bá ti kí àwọn àgbà ilé tán, ohun tí ojú mi máa ń wá kiri ni fèrèsé: mélòó ni ó wà nínú yàrá náà, ìhà ibo ni ó kọjú sí, báwo ni ó ti fẹ̀ tó, kí ni ó sì dí i. Ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ní ilé kan ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí a fẹ́ ṣe ìdána fún dúró tì mí, ó ń wò mí bí mo ti ń ká kọ́tìnì kúrò lójú fèrèsé, ó wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ ò kó fíláàṣì wá ni?" Mo dáhùn pé mo kó o wá, pé ó wà nínú báàgì, ṣùgbọ́n pé n kò tíì nílò rẹ̀. Mo rí i pé ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé ní ìlú wa yìí, bí iná kò bá tíì máa kọ mànà lórí kámẹ́rà, àwọn ènìyàn a máa rò pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú mi kọ èyí. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń fi kámẹ́rà jẹun, kò sì sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò bi mí rí pé: nínú ilé, èwo ni kí èèyàn lò, ṣé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni, tàbí fíláàṣì? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun méjì mìíràn, èyíinì ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń bọ̀, àti bí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ti fẹ̀ tó. Fèrèsé tí ó dára a máa dáhùn ìbéèrè méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tọ̀ ọ́ lọ ṣáájú. Bí kò bá sì lè ṣe iṣẹ́ náà, n óò mú fíláàṣì jáde láìṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí fèrèsé wà ni n óò gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá kan ní Òkè Àró. Àwọn ọmọ rẹ̀ pè mí láti ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ó pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ fi àwòrán náà sínú férémù ńlá fún pálọ̀. Ilé àtijọ́ ni ilé náà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí ó ní fèrèsé onípákó aláwẹ́ méjì ní ìhà tí ó kọjú sí àgbàlá. Màmá wọ ìró àti bùbá aṣọ òkè etù, ó so iyùn mọ́rùn, ó sì ní ilà tí ó gùn gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé àga rẹ̀ sí abẹ́ gílóòbù iná, lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì fẹ́ kí n tètè yà á kí iná tó lọ. Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Mo fi fíláàṣì lé orí kámẹ́rà, mo dojú rẹ̀ kọ Màmá tààrà, mo sì yà á.

Àwòrán tí ó jáde mọ́lẹ̀ dáadáa, kò sì sí ohun tí ó ṣe bàìbàì nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò jọ ẹni tí ó jókòó níwájú mi. Iwájú orí Màmá ń dán bí ẹni pé wọ́n da òróró lé e, imú rẹ̀ tẹ́ pẹẹrẹ mọ́ ojú, òjìji dúdú kan lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ilà ojú rẹ̀ tí mo rí kedere bí mo ti ń wọlé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Mo bẹ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A gbé àga Màmá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Mo ṣí awẹ́ kan, mo ti èkejì, mo pa gílóòbù, mo sì ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan na ìborùn funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó lè dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wà nínú òkùnkùn. Mo ṣí ihò lẹ́ǹsì dé f/2.8 (bí nọ́ńbà yìí bá ti kéré tó ni ihò náà ń fẹ̀ tó), mo gbé ISO, èyíinì ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ti ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, sí 800, mo sì fi ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tí ń ṣí tí ó sì ń pa fún ìmọ́lẹ̀, sí ìdá 1/125 ìṣẹ́jú àáyá.

Nínú àwòrán kejì yìí, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní etí ilà kọ̀ọ̀kan, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀, débi pé èèyàn lè fi ojú tọ ọ̀nà tí abẹ oníkọlà gbà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Iyùn ọrùn rẹ̀ rí rìbìtì rìbìtì, àwọn tí ó wà lápá fèrèsé ń tàn, àwọn tí ó wà lápá kejì ń rọra wọ inú òkùnkùn lọ. Nínú ẹyinjú rẹ̀ pàápàá, fèrèsé náà hàn ní kékeré, ní funfun, pẹ̀lú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà sún mọ́ Màmá, ó wo ti àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó fi ìka tọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Èmi nìyí. Ojú ta lo ti kọ́kọ́ ń fi hàn mí yẹn?"

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilà ojú jẹ́ kòtò tóóró nínú awọ, òjìji tí ó bá sì bọ́ sínú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí a rí i. Fíláàṣì tí ó wà lórí kámẹ́rà ń bá ojú lẹ́ǹsì rìn ní ọ̀nà kan náà, nítorí náà òjìji yòówù tí ó bá dá sílẹ̀ yóò sá pamọ́ sẹ́yìn ohun tí ó dá a, lẹ́ǹsì kò sì ní rí i. Awọ dúdú tiwa tún ní ọ̀ràn tirẹ̀, nítorí pé dídán tí ó ń dán ni ó fi ń sọ bí ojú ti rí fún ẹni tí ń wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, bí ojú fíláàṣì tí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ, dídán náà yóò ṣù jọ sójú kan, yóò funfun gbòò, àwọ̀ ara yóò sì sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ̀ bí fèrèsé, dídán náà yóò tàn kálẹ̀, yóò sì bá egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n yí. Ẹ ó rí i pé àwọn tí wọ́n ń pa páúdà lé ara wọn lójú kí fíláàṣì má baà mú wọn dán, ohun tí ń lé wọn kò ju bí ìmọ́lẹ̀ náà ti kéré tó lọ.

Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ní Arákalẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ́ mi ní gbogbo èyí. Ó kàn máa ń ní kí n wo òjìji imú ni. Bí òjìji imú bá wà, tí etí rẹ̀ rọ̀, tí kò sì gùn kọjá ètè, ìmọ́lẹ̀ náà dára; bí kò bá sí òjìji imú rárá, iwájú gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀; bí etí òjìji náà bá mú bí abẹ, ìmọ́lẹ̀ náà kéré jù tàbí ó jìnnà jù. Títí di òní olónìí, òjìji imú ni mo máa ń wò kí n tó tẹ kámẹ́rà, ìbáà ṣe lẹ́bàá fèrèsé, ìbáà ṣe pẹ̀lú fíláàṣì.

Àtìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń gba ojú fèrèsé wá. Nẹ́gátíìfù (àwòrán tí ohun funfun ti di dúdú, tí ohun dúdú ti di funfun) tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣì wà lónìí, èyí tí William Henry Fox Talbot yà ní oṣù kẹjọ ọdún 1835 nínú ilé rẹ̀ ní Lacock Abbey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fèrèsé ni ó wà nínú rẹ̀, fèrèsé onígíláàsì wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí, nítorí pé ohun tí ọkùnrin náà kọjú kámẹ́rà sí ni ohun tí èmi náà ń wá bí mo bá wọ pálọ̀ ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́.

Ṣùgbọ́n fèrèsé kì í ṣe bákan náà ní gbogbo ayé, ibí yìí ni mo sì ti fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń fi ìwé òkèèrè kọ́ṣẹ́ fara balẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń sọ pé fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá ni ó dára jù, nítorí pé níbi tí wọ́n wà, oòrùn kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìwádìí, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà tí mo gbé ìyàwó kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àríwá, tí oòrùn sì gba ibẹ̀ ya wọlé, tí ó là á lójú sí méjì. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lókè orí wa, kò tẹ̀ síhìn-ín, kò tẹ̀ sọ́hùn-ún; láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án tí ó bá tún padà gba orí wa kọjá, ìhà àríwá ni ó máa ń tẹ̀ sí; ní ìyókù ọdún, ìhà gúúsù ni, ó sì máa ń tẹ̀ jù lọ ní oṣù kejìlá. Nítorí náà, fèrèsé àríwá ni ẹni jẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́, fèrèsé gúúsù sì ni ẹni jẹ́jẹ́ nígbà òjò. Ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kò ní wàhálà: èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn dára lẹ́yìn ọ̀sán, èkejì dára ní àárọ̀.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ a máa ṣe ayàwòrán lóore. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń dà bí aṣọ àlà tí wọ́n ta bo oòrùn, débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ó le koko ní oṣù kẹta a rọ̀ ní oṣù kìíní. Sánmọ̀ òjò náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àfi pé bí ó bá ṣú jù, kò ní ṣẹ́ kù ohun tí a ó fi ya àwòrán.

Fèrèsé ilé wa sì ní àrùn tiwọn tí ìwé òkèèrè kò mẹ́nu bà. Gíláàsì dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sí ilé tuntun ní Ọ̀bá-Ilé àti Alágbaka máa ń jẹ púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù á ti gba àwọ̀ gíláàsì náà; ẹ sún un kúrò lójú ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì fèrèsé ni yóò ṣí. Nẹ́ẹ̀tì tí a fi dènà ẹ̀fọn, bí eruku ọdún méjì bá ti wà lára rẹ̀, a máa dín ìmọ́lẹ̀ kù ju bí ojú lásán ti lè mọ̀ lọ. Irin tí a fi dènà olè kò burú bí oòrùn kò bá ràn lé e tààrà, ṣùgbọ́n bí ó bá ràn lé e, òjìji irin náà yóò fa ìlà sára àlejò láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tí ó máa ń tan àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jẹ jù lọ ni ohun tí ó wà níta fèrèsé. Mo ya ìyàwó kan rí ní Ọ̀bá-Ilé, tí ojú rẹ̀ ń jáde bí ewé tútù, mo sì wá ìdí rẹ̀ títí kí n tó rí i pé fẹ́ǹsì aládùúgbò tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ewé ni oòrùn ń ràn lé, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń ta wọ inú yàrá. A wá aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan, a fi kọ́ ojú fèrèsé náà, ìyàwó sì padà sí àwọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ máa pa gílóòbù bí ẹ bá ti pinnu láti lo fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500 lórí ìwọ̀n Kelvin tí a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, gílóòbù pípọ́n tí a mọ̀ wà láàrin 2700 sí 3000, kò sì sí bí kámẹ́rà ti lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀gbẹ́ ojú kan yóò pọ́n, èkejì yóò dà bí aró. Púpọ̀ nínú àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tún máa ń bá iná mọ̀nàmọ́ná wa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá yára ju ìdá 1/100 lọ, ìlà dúdú lè bẹ̀rẹ̀ sí í dábùú àwòrán. Bí a kò bá lè pa á, ìdá 1/50 tàbí 1/100 ni mo máa ń dúró lé.

Mo ti yin fèrèsé tó. Ó yẹ kí n sọ ọjọ́ tí mo fi í ṣe ohun tí kò lè ṣe, nítorí pé ọjọ́ náà ṣì ń dùn mí.

Ní ọdún kẹta tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, ìfẹ́ tí mo ní sí ojú fèrèsé ti di ìgbéraga lọ́wọ́ mi. Wọ́n pè mí fún ìsọmọlórúkọ ní ilé kan ní Ìsìnkàn, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà òjò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi fíláàṣì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti ṣú, oòrùn kò sì tíì yọ dáadáa. Fèrèsé méjì ni pálọ̀ náà ní, àwọn ìyá àti àwọn àǹtí ọmọ sì dúró tò lọ bẹẹrẹ níwájú méjèèjì, nítorí pé kò sí àyè mìíràn. Mo ṣí lẹ́ǹsì mi dé f/1.8, mo gbé ISO dé 3200, èyí tí kámẹ́rà mi ìgbà náà kò lè gbé láìsí pé àwòrán ń ṣe yanrìnyanrìn, síbẹ̀ ìdá 1/20 ìṣẹ́jú àáyá ni ṣọ́tà mi lè dé. Ní ìdá 1/20, bí ọwọ́ ẹni tí ń yà á kò bá tilẹ̀ gbọ̀n, ọwọ́ ẹni tí à ń yà ń rìn. Bàbá àgbà, bàbá tí ó bí bàbá ọmọ, mú oyin, ó wúre, ó fi ìka tọ́ ọ sí ọmọ náà lẹ́nu, ọmọ náà sì yí orí padà, ó lá ètè, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣe bàìbàì: ìka Bàbá di èéfín, ojú ọmọ di méjì.

Bàbá ọmọ náà kò pariwo mọ́ mi. Ó gba álíbọ́ọ̀mù àwòrán náà, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà ṣí i, ó wá ní, "Èyí tí bàbá mi fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu dà?" Mo sọ òtítọ́ fún un, mo sì dá ìdajì owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè dá àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ọmọ padà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ sí òde tí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fíláàṣì méjì ni mo ń kó dání, pẹ̀lú bátìrì tí mo ti gba agbára sí lára ní alẹ́ àná rẹ̀.

Nítorí pé ohun kan wà tí fíláàṣì ní tí fèrèsé kankan kò ní: ìṣẹ́jú rẹ̀ kúrú. Nígbà tí Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke gbé ìyẹ̀fun magnesium tiwọn, tí a ń tan láti fi ya fọ́tò, jáde ní Jámánì ní 1887, ìyẹ̀fun náà ń jó bùlà, ó ń rú èéfín, ó sì léwu fún ọwọ́ ẹni tí ó bá ń tan án. Ní àwọn ọdún 1930 ni Harold Edgerton ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣe fíláàṣì tí ó yára débi pé ó dá ẹ̀kán wàrà dúró bí ó ti ń ta sókè. Fíláàṣì kékeré tí a ń lò lónìí, bí a kò bá lo gbogbo agbára rẹ̀, a tàn, a sì kú, kí ìdá 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ìka tí ó ń tọ́ oyin kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí a ó ti lò ó kí ó má baà ba ojú ènìyàn jẹ́ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. N kì í kọjú rẹ̀ sí ènìyàn. Mo máa ń yí orí rẹ̀ sí ògiri tàbí àjà, kí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ lu ibẹ̀ kí ó tó padà wá sí ara ẹni tí mo ń yà, nítorí pé ní ìṣẹ́jú náà, ògiri yẹn ti di fèrèsé. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ń lò ju àjà lọ. Èmi fẹ́ràn ògiri ẹ̀gbẹ́ jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wá láti òkè gan-an máa ń fi òjìji sínú kòtò ojú, pàápàá fún obìnrin tí ó bá wé gèlè ńlá, tí gèlè náà yóò sì dà bí òrùlé lórí ojú rẹ̀. Bí mo bá rí ògiri funfun ní apá kan náà tí fèrèsé wà, ibẹ̀ ni mo máa ń kọjú rẹ̀ sí, kí òjìji tí fíláàṣì dá àti èyí tí fèrèsé dá lè máa lọ sí ọ̀nà kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ kọjú rẹ̀ sí. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn kùn yóò sọ àlejò di aláwọ̀ ọsàn, gẹ́gẹ́ bí fẹ́ǹsì Ọ̀bá-Ilé ti sọ ìyàwó di ewé. Àjà pátákó funfun àtijọ́ ni ọ̀rẹ́ mi, àjà POP náà dára, ṣùgbọ́n àjà PVC aláwọ̀ igi tí ó wà káàkiri báyìí ń dán bí dígí, ó sì ń fi àwọ̀ pupa rẹ̀ ránṣẹ́. Jíjìnnà tún wà níbẹ̀: bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohun tí yóò dé ibẹ̀ kò ní ju ìdámẹ́rin lọ, bí ó bá jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin, ó di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Nínú pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, èyí kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ńlá bíi ti Dome, àwọn tí wọ́n ń kọjú fíláàṣì kékeré sí òrùlé ń na bátìrì wọn dànù ni. Níbẹ̀, mo máa ń gbé fíláàṣì sórí irin ìdúró, mo máa ń ta agbòòrùn funfun sí iwájú rẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi a sì máa gbé e tẹ̀ lé mi ní ẹ̀gbẹ́ àlejò.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ni mo ń lò pọ̀, ó sì ṣe mí láàánú pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ dájú ni pé ṣọ́tà ni ó ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ yàrá tí yóò wọlé, nígbà tí ihò lẹ́ǹsì ń pinnu iye fíláàṣì, nítorí pé fíláàṣì ti tàn, ó ti kú, kí ṣọ́tà tó pa. Bí mo bá fi ṣọ́tà sí ìdá 1/200 nínú pálọ̀ tí ó ṣókùnkùn, ẹni tí mo yà yóò mọ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúdú bí inú àgbá. Bí mo bá dín in kù sí ìdá 1/40, fèrèsé, kọ́tìnì àti àwọn ẹbí tí wọ́n jókòó lẹ́yìn yóò padà wá, fíláàṣì náà yóò sì mú ojú ẹni tí mo ń yà dúró ṣinṣin. Ẹ má sì sáré kọjá ìdá 1/200 tàbí 1/250, bí kámẹ́rà yín bá ti rí, nítorí pé aṣọ ṣọ́tà yóò bo apá kan àwòrán, ẹ ó sì rí ọ̀já dúdú nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ alẹ́, tí gílóòbù pípọ́n nìkan wà nínú yàrá, mo máa ń fi ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn bo ojú fíláàṣì kí àwọ̀ méjèèjì lè dọ́gba.

Nípa léèsì funfun, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: kámẹ́rà a máa rò pé funfun náà pọ̀ jù, yóò sì mú gbogbo àwòrán ṣókùnkùn, ojú ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni yóò sì san án. Ojú ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lé, ẹ fi aṣọ sílẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí n kì í tan fíláàṣì rárá: nígbà tí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò fẹ́ ẹ, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètùtù, àti ní iwájú ọmọ tuntun tí ó ń sùn, àfi bí mo bá ti yí i sí ògiri. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ olórí ilé kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, bàbá ọmọ Ìsìnkàn yẹn tún pè mí, ìyàwó rẹ̀ ti bí ẹlẹ́ẹ̀kejì. N kò rò pé yóò tún fẹ́ rí mi mọ́. Mo lọ wo pálọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje: fèrèsé méjì ti àtijọ́, àjà PVC tuntun tí ń dán, ṣùgbọ́n ògiri tí ó wà láàrin fèrèsé méjèèjì funfun. Mo ní kí wọ́n gbé àga Bàbá àgbà sí ibi tí ògiri náà yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò dúró síwájú rẹ̀. Ní àárọ̀, òjò tún ṣú. Mo kọjú fíláàṣì sí ògiri, mo gbé ISO sí 1600, f/2.8, ìdá 1/60, mo sì dúró. Bàbá ti darúgbó sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń gbé oyin. Nínú àwòrán náà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Okùn oyin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàrin ìka rẹ̀ àti ètè ọmọ, ó ń tàn láti apá fèrèsé, òjìji imú ọmọ náà sì rọ̀, kò kọjá ètè.